Orúkọ Ńlá Kì í Jẹ́rìí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, èdè ni èmi ń kọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí à ń pè ní ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ń béèrè lẹ́tà ìjẹ́rìí 3 lọ́wọ́ ẹni tí ń wá oyè dókítà. Èéṣe tí ẹ fi ń sáré tọ ọ̀jọ̀gbọ́n olórúkọ ńlá tí kò lè dá yín mọ̀ lójú ọ̀nà? "Ọmọlúwàbí ni": kí ni èyí sọ fún ẹni tí ń wá olùwádìí? Olùkọ́ tí ó rí i tí ohun tí ẹ ń dán wò bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tí ẹ sì tún un ṣe, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ ní kò tí ì di ọ̀jọ̀gbọ́n!

Wọ́n ní orúkọ ńlá a máa ṣílẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni, bí olórúkọ bá bá yín ṣiṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àgbá òfìfo ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa pẹ̀lú, ẹ yé wí pé, "Lọ kọ ọ́ wá, n óò fọwọ́ sí i." Ta ní í ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀?

Oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ yunifásítì wọ̀nyí ń tìlẹ̀kùn. Ẹni tí iṣẹ́ yín ṣojú rẹ̀ ni kí ẹ tètè bẹ̀.