Ìlù Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́ Lásán Nínú Fíìmù

Àwọn aṣefíìmù kan ń fi dùùrù rọ́pò dùndún nínú fíìmù Yorùbá. Wọ́n ní orin ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò tọ̀nà. Dùùrù lè dẹ́rù bani. Dùndún ń fọhùn, nítorí ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ èdè wa ni ó ń tẹ̀ lé. Nínú Ṣaworoidẹ (1999) tí Túndé Kèlání darí, ìlù ni ẹlẹ́rìí májẹ̀mú ọba àti ìlú. Bí dùùrù bá rọ́pò rẹ̀, kí ni yóò pa ẹni tí ó fipá gba adé? Ní Ìkẹjà àti Agége, níbi tí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kó ọmọ onírúurú ìlú jọ sí, fíìmù ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń gbọ́ dùndún. Ẹni tí ó mú un kúrò ti gba èdè lẹ́nu wọn.