A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún àwọn tí a fi ipá pa, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ná kó tó pe birikilà.

Ẹ wo Ọ̀wọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, àwọn apànìyàn ya bo ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis, wọ́n pa nǹkan bí 40 èèyàn. Gómìnà Rotimi Akeredolu, ọmọ Ọ̀wọ̀ gan-an, kọ́ ọgbà ìrántí fún wọn níwájú ààfin Ọlọ́wọ̀, orúkọ wọn sì wà lára òkúta. Inú rere ló fi ṣe é, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n òkú ọ̀fọ̀ ni wọ́n, ọmọdé wà nínú wọn, Yorùbá kì í sì í kó ọ̀fọ̀ lọ síwájú ọba. Akeredolu kú ní ìparí 2023. Ní 2024, ìjọba tó gbapò rẹ̀ hú òkúta náà, ó ní àwọn ará ìlú ni kò fẹ́ ẹ níbẹ̀. Ìyá tó ti rí orúkọ ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, kí ni ká sọ fún un?

Ti Òkè-Àfà l'Ékòó yàtọ̀. Nígbà tí àdó olóró bú ní bárékè Ìkẹjà, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 2002, òkùnkùn kùn, ojú oró bo omi kànáàlì Òkè-Àfà, àwọn tó ń sá rò pé ilẹ̀ ni. Tọmọtọmọ lẹ́yìn ni wọ́n wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìrántí wọn wà, ibẹ̀ sì ni àwọn ẹbí ń pé sí.

Àwọn kan á ní bí a bá ń dúró kí gbogbo ẹbí fohùn ṣọ̀kan, òkúta kò ní dúró láé. Èyí tí ìjọba ní ìlú kò fẹ́ l'Ọ́wọ̀ ńkọ́, ṣé ó dúró?

Ohun tó ká mi lára ní Ayépé Ìjẹ̀bú níbí ni ti ogun Ìmàgbọn. Ní oṣù Karùn-ún 1892, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim pa àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú lọ rẹpẹtẹ, torí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ọjà tí a kò fẹ́ ṣí fún wọn. Orúkọ àwọn tó ṣubú, bó bá kù níbìkan, inú oríkì ilé ni. Ọ́fíìsì ìjọba ní Abẹ́òkúta kò lè rí i fún wa. Ẹ̀yin régbérégbé Ìjẹ̀bú tó ń pé síbi ọdún Ojúde Ọba lọ́dọọdún, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó gbẹ́ òkúta kankan.