Fóònù Ọwọ́ Ọmọ Kò Sọ Ọ́ Di Akọ̀ròyìn

"Wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù wá lọ." Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan sọ nìyẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi ìpàdé tí a ti ń jíròrò bó ṣe yẹ ká máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní iṣẹ́ ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dìde, ó tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká, ó ní kí la fẹ́ fi kọ́ ọmọ tí wọ́n bí tòun ti fóònù lọ́wọ́? Ó ní ká fún wọn ní ìtàn iṣẹ́ ìròyìn àti èrò àwọn onímọ̀, ìyókù kò tó ohun tí èèyàn ń jókòó kọ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Inú mi ru, kò sì tíì rọlẹ̀ títí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí kí n tó ṣàlàyé rárá. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ṣìnà, ìṣìnà rẹ̀ sì léwu. Ẹ̀kọ́ ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jẹ́ dandan láti ọdún kìn-ín-ní. Iṣẹ́ ọwọ́ ni kó jẹ́: kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé ìròyìn jáde ní gbangba lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lórúkọ ara rẹ̀, níbi tí ẹni tó bá bú, tó bá parọ́ mọ́, ti lè rí i mú. Ẹni tí kò bá sì gbé ìròyìn kan ṣoṣo jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí kò gbọdọ̀ dúró níwájú wọn pé òun ń kọ́ wọn.

"Wọ́n ti mọ̀ ọ́n." Kí ni wọ́n mọ̀? Wọ́n mọ bí a ṣe ń ya fọ́tò ara ẹni. Wọ́n mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tí a kò kà dé ìdí ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ọmọ tó ti ń wọ dánfó láti inú oyún ìyá rẹ̀, ṣé ó ti di awakọ̀ nìyẹn? Ọmọ tó ń jẹ ẹran láti kékeré, ṣé ẹ máa gbé ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́ pé kó lọ kun màlúù? Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ti ń wọ agbádá kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Kó gbé abẹ́rẹ́, kó rán ọ̀kan ká wò ó. Abẹ́rẹ́ àti òwú ò wọ́n lọ́jà, síbẹ̀ ọdún mélòó ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń fi jókòó ti télọ̀ kó tó ṣe fírídọ́ọ̀mù? Télọ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ní irinṣẹ́ àti ẹni tó mọ iṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò mọ̀ ọ́n.

Ó tún ní ìròyìn ni ìròyìn, ì báà jẹ́ lórí pépà, ì báà jẹ́ lórí fóònù, pé íntánẹ́ẹ̀tì kò ju pátákó tí a ń lẹ ìwé mọ́ lọ. Pátákó wo ló ń fèsì? Pátákó wo ni ará Ìbàdàn, ará London àti ará Houston ti ń bá ọ jà ní ìṣẹ́jú kan náà tí o lẹ ìwé mọ́ ọn? Tí ìwé ìròyìn orí pépà bá ṣì í sọ, wọ́n á tọrọ àforíjì lọ́jọ́ kejì nínú ewé kejì. Tí o bá ṣì í sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o lè pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti gbé àwòrán rẹ̀ pamọ́ sórí fóònù tirẹ̀, ó sì ti ń rìn kiri lórí WhatsApp. Báwo la ṣe ń tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe? Níbo la ó kọ àtúnṣe sí? Báwo ni òǹkàwé yóò ṣe mọ̀ pé ohun tó kà láàárọ̀ ti yí padà lọ́sàn-án? Ẹ̀kọ́ ni gbogbo ìyẹn. Wọn kì í bí i mọ́ èèyàn.

Ẹ rántí oṣù Kẹjọ ọdún 2014. Àrùn Ebola ti wọ Èkó lóṣù tó ṣáájú. Lóru ọjọ́ kan, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri ilẹ̀ yìí: ẹ fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, ẹ mu nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí ní aago mẹ́ta òru, ẹkún ló ń sun, ó ní kí n jí àwọn ọmọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, irọ́ ni. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé èèyàn méjì kú ní Jos nítorí omi iyọ̀ náà, wọ́n sì gbé àwọn mìíràn dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Ta ló fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́? Àwọn tó mọ fóònù lò ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìròyìn wà nínú wọn, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí méjì nínú wọn fi ránṣẹ́ sí èmi fúnra mi. Wọ́n ti wà ní ọdún kẹta. Ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ wọn pé kí èèyàn tó tẹ ọ̀rọ̀ síwájú, yóò bi ara rẹ̀ pé ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ibo ló ti mọ̀ ọ́n, ta ni mo lè pè.

Ẹ wá wo ti Lekki ní Èkó, níbi tí wọ́n ti yìnbọn sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ́de EndSARS. Lálẹ́ ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ ya fídíò. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ní ayédèrú ni. Ní oṣù Kọkànlá, CNN kó àwọn fídíò náà jọ, wọ́n wo aago tí wọ́n ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi àwọn ilé àti ojú ọ̀nà inú rẹ̀ wé ti ibẹ̀ gan-an, wọ́n sì gbé ìròyìn jáde. Ìjọba bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi ọwọ́ gbá dànù mọ́. Fóònù ló ya fídíò. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ di ẹ̀rí. Máàpù tó wà lórí fóònù gbogbo wa wà lára ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn ará òkè òkun ni yóò wá bá wa ka fídíò tí àwọn ọmọ wa yà?

Mo mọ ibi tí èrò ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń wá, nítorí mo jẹ ìyà rẹ̀. Nílé ìwé tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa ní títẹ̀wé láìsí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. A ya bọ́tìnnì sórí káádíbọ́ọ̀dù, a ń fi ìka tẹ̀ ẹ́, olùkọ́ ń pariwo lẹ́tà. Mo kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ rédíò lọ́dún méjì láì fọwọ́ kan maikirofóònù. Ṣùgbọ́n hándáòtù wà, ó sì di dandan kéèyàn rà á. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé àwọn tó rà á mọ̀ pé òun ti fìdí rẹmi. Lọ́jọ́ tí mo kọ ìròyìn àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́, olóòtú kà á dé ìlà kẹta, ó bi mí bóyá mo lọ sílé ìwé rárá. Mi ò tíì dárí ji ilé ìwé yẹn. Ọ̀nà kan náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n tún ń là sílẹ̀ fún àwọn ọmọ òde òní. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ní irinṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì ń sọ fún wọn pé irinṣẹ́ náà tó.

Iṣẹ́ yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ báyẹn nílẹ̀ wa. Ní 1854 ni míṣọ́nnárì Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń tẹ̀wé. Ọdún 1859 ni Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá tó jáde, tí wọ́n ń tà á ní 120 owó ẹyọ. Ọdún márùn-ún! Tàdáwà ti mọ́ ọwọ́ lára kí ìwé ìròyìn tó dé. Townsend kò sọ fún ọmọ Ẹ̀gbá kankan pé o ti ní ọwọ́, o ti mọ̀ ọ́n.

Lóde òní ńkọ́? NUC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì, pín Mass Communication sí ọ̀nà méje. Ó dára. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti dé, orúkọ ara ilẹ̀kùn ló yí padà, hándáòtù inú yàrá kò yí.

Òfin ńkọ́? Bi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá nípa abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nígbà náà, ó lè rán èèyàn lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí kó gba mílíọ̀nù méje náírà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí méjèèjì. Ilé ẹjọ́ ECOWAS ní kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń fi òfin náà gbé akọ̀ròyìn. Ẹ fẹ́ tú ọmọ sí gbangba láìkọ́ ọ ní èyí, nítorí pé ó mọ TikTok? Òfin 2011 tó fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn láàárín ọjọ́ méje, ta ló ti jẹ́ kó kọ lẹ́tà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré?

Àti ọ̀rọ̀ èdè. Olóòtú kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí máa ń yọ àmì ohùn kúrò nínú iṣẹ́ mi. Ó ní àmì ń fa ọwọ́ iṣẹ́ sẹ́yìn, pé kò sẹ́ni tó ń wò ó lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan a gbé àkọlé jáde nípa obìnrin kan láìsí àmì, pé "Oko re jona." Àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í bá obìnrin náà kẹ́dùn pé ọkọ rẹ̀ kú sínú iná. Ọkọ̀ rẹ̀ ló jóná. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé oko ni. Obìnrin náà pè wá, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Bọ́tìnnì tí a fi ń tẹ Yorùbá wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí. BBC Yorùbá ti wà láti 2018, ọmọ wa lè rí iṣẹ́ níbẹ̀ àti níbòmíràn, ṣùgbọ́n mo ti gba ìwé ìwáṣẹ́ ọmọ tó jáde pẹ̀lú àmì tó ga jù lọ nínú ẹ̀ka rẹ̀, tí kò sì lè kọ orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú àmì tó tọ́.

Wọ́n á ní kò sí iná, kò sí dátà. Òótọ́ ni. Fóònù kan tó dára tó fún akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìpàdé parí, ọmọbìnrin kan tó nawọ́ títí tí wọn kò pè é wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ìròyìn ló kọ nípa omi ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin níléèwé wọn. Ó ka ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́, ó ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi lẹ́tà béèrè iye owó tí wọ́n ná, ó dúró ọjọ́ méje, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò fèsì. Àmì ohùn pé lórí rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní òun fi ọwọ́ ara òun wá a ni, pé ó gba òun lọ́dún méjì, òun sì ti ṣàṣìṣe tó dá ìjà sílẹ̀ nígbà méjì.

Ó ní ẹ̀ka òun kò gbà á fún iṣẹ́ àṣekágbá, nítorí kò ní orí kìn-ín-ní dé ìkarùn-ún. Olùkọ́ rẹ̀ sì ti ní kó yọ ọ́ kúrò kí àwọn aláṣẹ tó rí i.

Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i níbi tí mo dúró sí. Mi ò rí irọ́ kan níbẹ̀. Mo ní kó má yọ ọ́.