Ajalèlókun Kì Í Ṣe Akọni

Ohun tí a bá ní ni à ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí a sọ ní gbangba. Àwọn kan nínú wa ní bí a óò bá túmọ̀ Treasure Island tí R. L. Stevenson tẹ̀ jáde ní 1883, kí a fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ti àwọn ajalèlókun inú rẹ̀ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní Yorùbá kì í ṣe èdè òkun. Wọ́n sì ní inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni adùn ìtàn wà. Èmi kò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti àkọ́kọ́. Ìpájà ni mo ń gbé, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọdé kò ti fojú kan òkun rí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Àwórì ni. Ìtàn àwọn Àwórì sọ pé Ọlọ́fin gbé àwo lé omi, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí àwo fi rì. Ẹni tí ó ti inú omi gba orúkọ, ta ni yóò sọ fún un pé èdè rẹ̀ kò mọ omi? A ní atukọ̀, a ní àjẹ̀, a ní èbúté. Ọ̀sà kì í ṣe òkun, ìgbì kì í ṣe ìjì. Ní 1884, ọdún kan péré lẹ́yìn ìwé Stevenson, odindi Bíbélì Yorùbá jáde. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 27, níbi tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti fọ́, ẹ óò bá ìdákọ̀ró àti ìgbòkun níbẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, yíyá ni wọ́n yá. Ọwọ́ àwọn ará Holland ni wọ́n ti gba ‘skipper’. Wọ́n gba ‘buccaneer’ lọ́wọ́ àwọn Faransé, tí àwọn náà gbà á lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí ń yan ẹran lórí àtẹ igi. Ohùn tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe bí ajalèlókun, òṣèré Robert Newton ni ó sọ ọ́ di gbajúgbajà nínú fíìmù ìwé yìí ní 1950. Àwa náà lè yá ohun tí a kò ní. Ṣùgbọ́n a kì í ní aṣọ nílé kí a tún máa yá ti ẹlòmíràn wọ̀.

Ní ti adùn, òun gan-an ni mo ń bá jà. Mo ti rí àwọn ọmọ àdúgbò wa tí wọ́n fi aṣọ dúdú di ojú kan, tí olúkúlùkù ń du ipò John Silver. Kí ni Silver sọ? Ní orí 11, tí Jim fara pamọ́ sínú agbá ápù, ó gbọ́ tí Silver ń wí pé oníṣègùn tí ó gé ẹsẹ̀ òun wà lára àwọn ọmọlẹ́yìn Roberts tí wọ́n so kọ́ ní Corso Castle. A ń ka ibẹ̀ kọjá bí ẹni pé ìlú àlọ́ ni. Cape Coast ni, ní Ghana.

Bartholomew Roberts kì í ṣe àlọ́ rárá. Ní oṣù kìíní 1722 ó wọ èbúté Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ó gba ọkọ̀ akẹ́rú 11, ó sì ní kí wọ́n san owó ìràpadà. Ọ̀gá ọkọ̀ Porcupine kọ̀. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà pẹ̀lú ẹrú bí 80 tí a fi ẹ̀wọ̀n dè ní méjì méjì. Ní oṣù kejì, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì pa Roberts nítòsí Cape Lopez. 52 nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n so kọ́. Ẹ̀sùn olè ojú òkun ni wọ́n fi kàn wọ́n. Àwọn tí ó ra ènìyàn kò jẹ́jọ́ kankan. Ilé ìkẹ́rúsí ni ilé tí wọ́n ti dájọ́ náà.

‘Gentlemen of fortune’ ni Silver ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ń dún létí bí oyè. Bí Silver bá ń pọ́n ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó wí pé gbajúmọ̀ olóríire ni òun. Ọmọdé yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì rí irọ́ náà. Ṣùgbọ́n níbi tí òǹkọ̀wé bá ti ń sọ̀rọ̀, ajalèlókun ni kí a kọ: ẹni tí ń ja olè lórí òkun. Ọ̀rọ̀ náà kò fi nǹkan pamọ́.

Ẹnìkan lè ní mo fẹ́ ba ayọ̀ ọmọdé jẹ́. Rárá o. Ìwé náà dùn, mo sì fẹ́ kí a túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ rán ènìyàn lọ sí Ẹ̀pẹ́ àti ilẹ̀ Ìlàjẹ, kí wọ́n bi àwọn àgbà apẹja léèrè orúkọ gbogbo apá ọkọ̀, gbogbo okùn, àti gbogbo afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ lórí omi. Ẹ̀rọ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àjẹ̀ àti ìgbòkun. Bí iṣẹ́ bá lọ, orúkọ kì í pẹ́ tẹ̀ lé e. Bí a bá kó àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ tán, kí a wá jókòó ti Stevenson.