Bíríkì ìṣeré lè kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n èdè wo ni wọn yóò fi bi í léèrè?

Ní Joubert Park, ní àárín gbùngbùn ìlú Johannesburg, ọmọ onílé àti ọmọ àlejò ló jọ ń dàgbà. Báwo ni olùkọ́ ṣe lè kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì nígbà tí wọn kò tíì gbọ́ èdè ara wọn?

Ọ̀nà kan tí wọ́n ń lò ní South Africa ni Six Bricks, ètò àjọ Care for Education. Bíríkì rọ́bà mẹ́fà tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra ni ọmọ kọ̀ọ̀kan máa ń lò.

Ọmọ tó to bíríkì léra, tí ilé rẹ̀ sì wó, ti bá òfin ìwọ̀n pàdé. Bó bá fẹ ìdí ilé náà, tí kò sì wó mọ́, ó ti dán èrò wò, ó ti rí èsì. Iṣẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá eré. Ìwádìí Thrive by Five ti ọdún 2021 fi hàn pé ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tó wà ní jéléósinmi ní South Africa ni kò tíì dé ibi tó yẹ ọjọ́ orí wọn.

Àmọ́ bíríkì nìkan kò tó. Ìgbà tí olùkọ́ bá béèrè pé, "Kí ló fà á tó fi wó?" ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ kò bá gbọ́ èdè ìbéèrè náà, ọwọ́ rẹ̀ lè mọ ìdáhùn, kí ẹnu rẹ̀ má lè sọ ọ́.

Ilẹ̀ Yorùbá ti dán ọ̀rọ̀ èdè yìí wò rí. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba Nàìjíríà fagi lé ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ.

Ní Joubert Park, olùkọ́ kan kò lè gbọ́ gbogbo èdè. Òbí ló lè parí ìbéèrè náà nílé, lédè ilé. Ẹni tí kò sì lówó bíríkì lè lo páálí, amọ̀ tàbí agolo mílíìkì. Ohun tí kò ní àrọ́pò ni àgbà tó lè béèrè ìdí lédè tí ọmọ gbọ́, tí yóò sì ní sùúrù dúró de èsì.