PÚLỌ́Ọ̀GÌ ỌKỌ̀ ÀTIJỌ́: A KÌ Í FI OJÚ YÀN ÁN

Bàbá kan tí ó ń gbé ní Mòwé tọ̀ wá wá láìpẹ́ yìí pẹ̀lú ẹjọ́ kan tí a rò pé kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Bàbá yìí ní ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan, Toyota Hilux àtijọ́ tí ó ní ẹ́ńjìnì 22R, èyí tí ó fi ń kó ìrẹsì Ọfàdà láti oko wá sí ọjà. Láàárín oṣù méjì, ó ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ó bá ti pààrọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ a máa rìn dáadáa fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà a tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, a sì máa mu epo bí ọ̀mùtí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ni ó kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Ìbàfò, ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí àwọn ọkọ̀ agbépo sì ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọlọ́run ni ó yọ wọ́n. Ẹni tí ó bá mọ ojú ọ̀nà yẹn ní òru mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí a ń dúró tún ọkọ̀ ṣe.

A mú ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan lọ bá bàbá náà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ púlọ́ọ̀gì kan, ó sì wò ó títí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ẹ ti ra èyí?"

"Ifọ̀ ni mo ti ra ti àkọ́kọ́, nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi. Láti ìgbà náà, èyí tí mo bá yọ ni mo ń mú lọ sí ọjà kí n má baà ṣìnà."

"Bàbá, èyí tí ẹ ń mú lọ gan-an ni ó ń ṣì yín lọ́nà."

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Púlọ́ọ̀gì ni ó ń ta iná sí epo àti afẹ́fẹ́ inú sílíńdà kí wọ́n lè jó. Ní orílẹ̀-èdè Jámánì, ní ilé iṣẹ́ Bosch, ni Gottlob Honold ti so ó pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ iná alágbára ní ọdún 1902, láti ìgbà náà ni ó sì ti gbilẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ní láti ta iná ní ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí ó bá kọ̀ láti ta iná, epo rẹ̀ yóò gba inú sàlẹ́ńsà jáde láìjó. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kárùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ta ni ó tún lè da epo nù bẹ́ẹ̀?

Ohun tí ó bá bàbá wa jà ni lẹ́tà kan ṣoṣo. Bí a bá mú púlọ́ọ̀gì NGK méjì, tí a kọ BP5ES sí ara ọ̀kan, tí a sì kọ BP5HS sí ara èkejì, tánganran wọn jọra, sípánà kan náà ni ó ń tú wọn, ihò kan náà sì ni wọ́n ń wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ onítírẹ́ẹ̀dì ti E gùn tó mìlímítà 19, ti H kò ju 12.7 lọ. Ti E ni ẹ́ńjìnì 22R ń fẹ́, ti H ni wọ́n tà fún bàbá. Iná rẹ̀ ń tàn nínú ihò bí àtùpà tí a gbé sí abẹ́ òṣùwọ̀n, èérí èéfín sì ń dì mọ́ tírẹ́ẹ̀dì tí ó ṣófo nísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni a fi sí ihò kúkúrú, ìyẹn burú ju èyí lọ, nítorí písítìnì lè gbá a.

Nọ́ńbà náà ní ìtumọ̀, ó ń sọ bí púlọ́ọ̀gì ti ń gba ooru sí. Ní ti NGK, bí nọ́ńbà bá ti ń pọ̀ sí i ni púlọ́ọ̀gì ń tutù sí i; ní ti Bosch, òdìkejì rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún ọlọ́jà pé "fún mi ní mẹ́fà" kò tíì sọ nǹkan kan. Ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe èyí tí ẹ bá nínú ẹ́ńjìnì, nítorí ẹ kò mọ ẹni tí ó fi í síbẹ̀. Ayédèrú pẹ̀lú wà lọ́jà: bí lẹ́tà ara rẹ̀ bá ṣú, tí owó rẹ̀ sì kéré ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má sì ra èyí tí a fi sáńpépà ha kí ó lè dàbí tuntun.

Kí ẹ́ńjìnì tutù kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ fẹ́ iyanrìn kúrò ní ẹnu ihò, kí ó má baà bọ́ sí inú. Ẹ yọ wáyà kan, ẹ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ẹ dá wáyà náà padà kí ẹ tó kan èkejì, nítorí 1, 3, 4, 2 ni iná ń tẹ̀lé, ẹni tí ó bá sì dà wọ́n pọ̀ yóò jókòó síbẹ̀ di alẹ́. Àlàfo ẹnu rẹ̀ fún 22R jẹ́ mìlímítà 0.8, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọ̀n ọ́n ni kí ẹ lò, kì í ṣe èékánná. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi wé e wọlé títí yóò fi jókòó; lẹ́yìn náà ni kí sípánà yí èyí tí ó jẹ́ tuntun ní ìdajì ìyípo. Álúmínọ́mù ni orí ẹ́ńjìnì náà, agbára àpọ̀jù a sì máa ba tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́.

Kí ẹ tó sọ ti àtijọ́ nù, ẹ wo ojú rẹ̀. Bí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí bisikíìtì, àlàáfíà ni. Bí ó bá dúdú tí ó sì gbẹ bí ìdí ìkòkò, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, tàbí púlọ́ọ̀gì ni kò bá ẹ́ńjìnì mu. Bí ó bá funfun tí ó sì ta roro, ooru ti pọ̀ jù.

Mẹ́ta nínú ti bàbá gbẹ, wọ́n sì dúdú. Ẹ̀kẹrin, ti sílíńdà kẹta, tutù fún ọ́ìlì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì sọ òtítọ́ tí àwọn mìíràn kì í fẹ́ sọ: "Bàbá, púlọ́ọ̀gì kò lè wo èyí sàn. Ó jọ pé ríǹgì ti jẹ." Ó fi gírísì sí irin rẹ̀ kí èérí lè lẹ̀ mọ́ ọn, ó fọ tírẹ́ẹ̀dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ gígùn sí i. Ọkọ̀ náà ti lọ sí Ọfàdà ní ìgbà mẹ́rin láti ìgbà náà, kò sì gbọ̀n mọ́. Èéfín búlúù ṣì ń yọ díẹ̀ ní òwúrọ̀. Bàbá ti ń kó owó ríǹgì jọ, ó sì ti ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀ pé àwọn kì yóò gba Ìbàfò kọjá ní òru títí wọn yóò fi rà á.