Àjọjẹ Kò Dùn Bí Ẹnì Kan Kò Bá Ní

Ọ̀rọ̀ eré ni mo fẹ́ sọ lóṣù yìí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré lásán ni. Ọ̀rọ̀ owó ẹ̀yáwó wa àti ṣọ́ọ̀bù ọjà wa wà nínú rẹ̀.

Eré tí mò ń wí ni Monopoly, tí àwọn ọmọ wa máa ń ta nílé lásìkò ìsinmi. Láti ọdún 2012 ni ti Èkó ti jáde, tó jẹ́ pé àdúgbò Èkó ló wà lójú páálí rẹ̀. Fún ẹni tí kò tíì rí i, páálí onígun mẹ́rin ni, ojú 40 ló yí etí rẹ̀ ká. Owó kan náà ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Oníkálukú ní ọmọ ayò tirẹ̀, á ju dáìsì méjì, á sì ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá dé orí ilẹ̀ tí kò ní olówó, ó lè rà á. Bí ó bá dé orí ti ẹlòmíràn, ó di dandan kó san owó ilé. Káàdì oríṣi méjì tún wà níbẹ̀, 16 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan: òmíràn á fún ọ lówó, òmíràn á bu owó ìtanràn lé ọ, òmíràn á ní kó o máa lọ sẹ́wọ̀n.

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n ibẹ̀. Ẹni tó bá ra gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ kan náà tán, owó tó ń gbà lórí wọn di ìlọ́po méjì, kódà kó tó kọ́ ohunkóhun síbẹ̀. Bí ó bá wá kọ́ ilé, tó tún kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, owó náà á wá ga kọjá sísọ. Ilé 32 péré ló sì wà nínú eré náà. Alárékérekè á jókòó lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kí àwọn yòókù má baà rí ilé kọ́. Ẹni tí owó bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ á fi ilẹ̀ rẹ̀ dógò ní ìdajì iye tó rà á, bí ó bá sì fẹ́ gbà á padà, á fi èlé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Nígbà tó bá yá, ọ̀kan á kó gbogbo rẹ̀, àwọn yòókù á kógbá sílé. Èyí ni wọ́n ń pè ní àṣeyọrí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ẹni tó pilẹ̀ eré náà fẹ́ nìyẹn? Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Elizabeth Magie, ni. Ọdún 1904 ni ìjọba wọn fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Eré Lándílọ́ọ̀dù ló sọ ọ́. Ó gba ẹ̀kọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry George gbọ́, tó ní owó tí ilẹ̀ ń mú wá, ti gbogbo ìlú ni. Magie ṣe eré náà kí ojú lè rí bí onílẹ̀ ṣe ń fa aláìnílẹ̀ gbẹ. Ìlànà méjì ni wọ́n fi ń ta á. Nínú ọ̀kan, ẹnì kan á jẹ àwọn yòókù run. Nínú èkejì, bí ọrọ̀ bá ti ń wọlé, gbogbo wọn ló ń jẹ níbẹ̀. Ìgbà tí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù bá sọ owó náà di ìlọ́po méjì ni eré parí, gbogbo wọn ló sì borí.

Ní ọdún 1935, ilé-iṣẹ́ Parker Brothers ra Monopoly lọ́wọ́ Charles Darrow, tó ní òun lòun ṣe é. Dọ́là 500 ni wọ́n fún Magie fún ìwé àṣẹ rẹ̀, wọn kò sì fún un ní kọ́bọ̀ lórí ọjà tí wọ́n tà. Ìlànà ajẹnirun ló gbajúmọ̀, èkejì di ìgbàgbé.

Ọdún 1935 yẹn náà ni ìjọba ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà. Ẹ wo orúkọ wa dáadáa: a jẹ, a sì ṣẹ́ kù. Ìlànà kejì tí wọ́n gbàgbé yẹn gan-an ni tiwa. Kò sì ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, bí ojúlé ẹnìkejì rẹ bá gbẹ, ìwọ tó o ní ọmọ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ó bá ṣe é ṣe. A ń díje lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kì í febi pa ẹni tí a jọ ń ṣeré.

Ó wá kan ọjà wa. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan yá ₦400,000, ó fi gba ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ní ₦100,000 lọ́dún. Ó jókòó sí ọ̀kan, ó fi mẹ́ta yòókù háyà fún ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta ní ₦180,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. ₦540,000 wọlé. Ó san owó wa padà, ó lo ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ₦140,000 sì ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, àfi èlé ẹ̀yáwó nìkan ni yóò yọ níbẹ̀. Owó ta ni a yá a? Owó tí àwọn mẹ́ta yẹn ń dá lóṣooṣù wà nínú rẹ̀! Owó wọn la fi gbowó lórí wọn. Monopoly nìyẹn, kì í ṣe alájẹṣẹ́kù.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣé kí èèyàn má ṣòwò mọ́ ni?" Rárá o. Ohun tó bá fi òógùn ara rẹ̀ rà, kó gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó àjọdá kò gbọ́dọ̀ di okùn lọ́rùn àwọn tó dá a.

Nítorí náà, mo rọ ìgbìmọ̀ wa kí wọ́n gbé nǹkan mẹ́ta wá sí ìpàdé gbogboogbò. Ìkíní, ẹni tó bá yáwó gba ṣọ́ọ̀bù, kó sọ iye ṣọ́ọ̀bù àti ẹni tí yóò lò ó. Ìkejì, ẹni tí kò ní rárá ni kó kọ́kọ́ rí owó gbà, kí ẹnikẹ́ni tó gba ìkejì. Ìkẹta, bí ó bá fi háyà fún ọmọ ẹgbẹ́, kó má ju iye tó gbà á àti èlé tó san lórí rẹ̀ lọ.

Ní ti àwọn ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ta Monopoly wọn. Ó ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ó sì ń kọ́ wọn kí wọ́n má ná gbogbo owó ọwọ́ tán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ta á tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní kí wọ́n tún fi ìlànà kejì ta á, kí wọ́n lè mọ̀ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.

Àjọṣe wa kò ní bàjẹ́ o.